Ohun Tó Ń Lé Ìyá Ìbídùn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló lè sọ fún mi nínú yín ibi tí àwọn àgbà ti rí ọ̀rọ̀ yìí, pé àgbàlagbà kì í sáré lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e? Ẹ ò mọ̀ ọ́n? Ẹ jókòó dáadáa. Ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Arógunmásàá ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè àfi tó bá ń ṣe àmín.

Ìyá Ìbídùn ni wọ́n ń pè é. Lọ́jọ́ ìdíje eré sísá nílé ìwé ọmọ rẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ìyá náà bọ́ sí pápá. Ó bá wọn sá a. Kò tíì dé ìdajì tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, ló bá jókòó pẹ̀tẹ̀ sílẹ̀. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí. Èyí tó dùn ún jù ni Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Nígbà tí wọ́n délé, ọmọ náà bi í pé, "Màámi, ṣé ẹ tún máa jókòó lọ́dún tó ń bọ̀?"

Ojú tì í wọ eegun. Ó ní, "Rárá o. N ò ní màá gba ipò kankan. Àmọ́ mo ṣèlérí fún ọ níwájú Ọlọ́run, màá sá a dópin."

Nọ́ọ̀sì ìlú ló kọ́ ọ pé kí ó máa sáré láti òpó iná kan dé èkejì, kí ó wá rin òpó kan kó tó tún sá. Kùtùkùtù ló máa ń jáde, torí ta ni yóò rí ìyá ọlọ́mọ tó ń sáré kiri tí kò ní sọ pé orí rẹ̀ ti yí? Bàtà kánfáàsì ọkọ rẹ̀ ló ń wọ̀. Tó bá gbúròó èèyàn, á dúró, á máa ṣe bí ẹni tó ń wá adìẹ.

Oṣù kejì ni àṣírí tú. Ó ń sáré lọ sí òpó kẹta nígbà tí Ìyá Rámọ́tù, tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé, rí i.

"Ìyá Ìbídùn! Kí ló dé? Kí ló ń lé yín?"

Ìtìjú bò ó. Ó tẹrí ba, ó fi kún eré.

Háà! Ìyá Rámọ́tù kò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbá ìgbálẹ̀ mọ́ àyà, ó tẹ̀ lé e. Àwọn bíríkìlà méjì rí wọn, wọ́n ju ṣọ́bìrì sílẹ̀. Àwọn tó ń jáde ní mọ́ṣáláṣí kò dúró ṣa bàtà. Bàtà ẹlòmíì ni kálukú kì bọ ẹsẹ̀. Baálẹ̀ jáde tòun ti pákò lẹ́nu.

"Kí ni wọ́n ló ń bọ̀?"

"Baba, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sá ná!"

Baálẹ̀ di aṣọ ìbora mú, ó ki eré mọ́lẹ̀.

Ìyá Ìbídùn bojú wẹ̀yìn, ó rí gbogbo ìlú. Ó ní, "Jésù! Àwọn àgbààgbà yìí ò lè máa sá lásán! Kí ló ń lé wọn?" Ló bá gbàgbé òpó, ó gbàgbé rírìn. Nígbà tí àwọn ará abúlé kejì rí Arógunmásàá lódindi tó ń sá bọ̀, àwọn náà pọn ọmọ wọn, wọ́n ṣíwájú.

Odò ló dá wọn dúró. Baálẹ̀ yọ pákò lẹ́nu. "Ó yá, kí ló ń lé wa?"

Àwọn ará abúlé kejì ní, "Ẹ̀yin ni." Àwọn bíríkìlà nàka sí Ìyá Rámọ́tù. Ìyá Rámọ́tù na ìgbálẹ̀ sí Ìyá Ìbídùn.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ì bá wọlẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Baba. Mo ń kọ́ eré sísá ni."

"Eré kí ni? Ìwọ ìyá ọlọ́mọ?"

Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ìlérí tí mo ṣe fún ọmọ mi ni, Baba. Òun ló ń lé mi."

Baálẹ̀ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ti bó, ó mí kanlẹ̀. "Mo ṣáà mọ̀ pé nǹkan ń lé e. Àmọ́ láti òní lọ, ẹni tó bá fẹ́ sáré nílùú yìí, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lé e!"

Ìyá Rámọ́tù ṣì ń mí gùlegùle. "Ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé òpó tí a kọjá ju ogún lọ? Ìyá yìí ò sì dúró lẹ́ẹ̀kan!"

Ìyẹn ni Ìyá Ìbídùn gbọ́ tó fi gbé orí sókè.

Ọjọ́ ìdíje pé. Gbogbo ìlú wá wòran, kálukú sì so bàtà rẹ̀ le, torí a kì í mọ̀. Àwọn ìyá yòókù ti ń mu omi nígbà tí Ìyá Ìbídùn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn pátápátá.

Àlejò kan bi Baálẹ̀ pé, "Ṣebí eré ti tán, kí ló dé tí ìyá yìí ò dúró?"

Baálẹ̀ ní, "Àgbàlagbà kì í sáré lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e."

Ìbídùn dúró nídìí ìlà òpin. Kò fi ọwọ́ bojú. Ìyá rẹ̀ tẹ ìlà náà kọjá, ó gbá a mọ́ra, èémí kò sì jẹ́ kó lè sọ ju gbólóhùn kan lọ.

"Ìbídùn, n ò jókòó."