Ilé Tí Wọ́n Kọ́ fún Imú Asín

Nígbà tí ẹranko ṣì ń fọwọ́ kọ òfin, tí wọ́n sì ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, Asín ni olùwádìí ọ̀ràn ní Igbó Àjùmọ̀jẹ. Kò sí òórùn tí imú rẹ̀ kò mọ, kò sí ojú eyín tí kò lè dá mọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá òkú ọmọ Ẹtu létí odò, tí ojú eyín wà lọ́rùn rẹ̀, kí Asín tó débẹ̀, Ìkookò, olórí ọlọ́pàá, ti mú Ọ̀yà.

Àwọn aráàlú kùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ni Kìnnìún Ọba bá rán Asín lọ wo bí àwọn igbó mìíràn ṣe ń ṣètò ìwádìí wọn. Oṣù mẹ́ta ló lò kó tó padà wá kúnlẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.

"Kábíyèsí, ní Igbó Odò, abẹ́ ọlọ́pàá ni olùwádìí wà. Ohun tí ọlọ́pàá bá fẹ́ ló sábà máa ń rí. Ní Ọ̀dàn, olùpẹ̀jọ́ á mú olùwádìí tirẹ̀ wá, olùjẹ́jọ́ á mú tirẹ̀. Tálákà á dákẹ́. Ní Igbó Òkè, ńṣe ni olùwádìí dá dúró, adájọ́ nìkan ló ń jíṣẹ́ fún. Tibẹ̀ ló wù mí."

"Ó wu èmi náà," ni Ìkookò wí, ó ń nu ẹnu. "Kó dá dúró. Inú ọgbà mi ni kó ti dá dúró. Màá kọ́lé fún un níbẹ̀, òjò kò ní jò sí i."

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀bọ tilẹ̀ fò sókè lẹ́ẹ̀mejì.

Asín fò dìde. "Ẹ gbọ́ èsì ìwádìí mi ná! Mo fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ kan wọn ojú eyín tó wà lára òkú náà. Eyín tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́nu Ọ̀yà. Koríko ni Ọ̀yà ń jẹ!"

"Ẹni tó ń gbé ọgbà mi, èmi ló ń kọ́kọ́ fún lésì," Ìkookò dáhùn. Ó gba ewé tí Asín kọ èsì sí, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó jẹ ẹ́. "Ọ̀yà ni."

Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Asín wojú ìgbìmọ̀ yíká. Oníkálukú ń wo èékánná ara rẹ̀.

Kìnnìún wúkọ́. "Aláàánú ni mí. A kò ní pa Ọ̀yà. Ṣùgbọ́n fún ọdún méje gbáko, kò gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran!"

Ayọ̀ gba gbogbo àgbàlá. Ọ̀yà fúnra rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní òun á gbìyànjú. Ẹtu, ìyá ọmọ tó kú, nìkan ni kò pàtẹ́wọ́. Ó jókòó ti Asín, ó ń ka iye ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù fún un, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu Ìkookò.