Ilé Ìyàwó Tí Mo Ti Ń Nájà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí màá fi darúgbó: ọjọ́ tí mo mú ìyá àfẹ́sọ́nà mi lọ ra ọjà ní Kàdúná. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Màmá ti wá, kò sì dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́ jáde kí n tó mọ̀ pé wọ́n wá wò bóyá mo yẹ ọmọ wọn ni. Èmi náà wá ń yangàn. "Màmá, ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí. Kò síbi tí mi ò mọ̀."

Abúlé ọjà iṣẹ́-ọwọ́ kan wà lódìkejì odò, tí wọ́n kọ́ bí ilé Hausa ayé àtijọ́: ògiri pupa tó nípọn, tí wọ́n fín àrà sí lára, tí ṣóńṣó yọ lórí òrùlé. Mo ti gbọ́ nípa ẹ̀ dáadáa, mi ò kàn débẹ̀ rí ni. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ tó gbé wa láti Nàràyí já wa sílẹ̀, ẹnu ọ̀nà méjì la bá níwájú wa, àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní ká béèrè. Èmi, ọmọ Kàdúná, kí n máa béèrè ọ̀nà lójú ìyá ọkọ? Mo yà sí ọwọ́ ọ̀tún.

"Sannunku da zuwa," àwọn obìnrin kan ń kí wa káàbọ̀ tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ní ká bọ́ bàtà. Wọ́n gbé zobo tútù àti másà, àkàrà ìrẹsì wọn, fún wa.

Màmá yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí mi létí. "Irú ọjà wo ni wọ́n ti ń fún oníbàárà lóúnjẹ?"

Kò yé èmi náà, àmọ́ mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń ṣe lókè Ọya nìyẹn, mà."

Wọ́n mú wa wọ yàrá kan tí bẹ́ẹ̀dì tuntun wà, tí wọ́n to abọ́ gogoro dé àjà, tí ìdérí abọ́ oníkoríko aláràbarà kún ara ògiri. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó fi aṣọ bojú. Mo rò pé ọmọ tó ń bá wọn tajà ni, tójú ń tì.

Mo nawọ́ sí ìdérí kan. "Nawa ne?" Èló ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo dárúkọ iye tí màá san, ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú, nítorí mi ò rí oníṣòwò tí inú ẹ̀ ń dùn báyẹn sí ẹni tó ń já owó ọjà ẹ̀ lulẹ̀ rí. Màmá wá gbé abọ́ kan, wọ́n fi ìka kàn án kókókó, wọ́n mirí.

"Sọ fún wọn pé eléyìí ò lè pẹ́."

Mo túmọ̀ ẹ̀ sí Hausa ketekete. Mo tiẹ̀ fi kún un pé bẹ́ẹ̀dì yẹn kéré.

Ẹ̀rín dá. Ọmọbìnrin abẹ́ aṣọ bú sẹ́kún. Ìyá àgbà kan dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ẹbí ọkọ, ẹ ò tíì mú ọmọ wa lọ, ẹ ti ń bú ẹrù ẹ̀?"

Ibẹ̀ ni fèrè mọ́tò ti dún lóde, tí ẹbí ọkọ gidi wọlé. Ilé ìyàwó la wà! Ẹrù tí àwọn òbí ẹ̀ rà sí yàrá ẹ̀, tí ẹbí ọkọ ń bọ̀ wá wò, ni mò ń ná. Ọjà tí à ń wá ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà kejì.

Mo kúnlẹ̀, mo ní a ṣìnà ni, ọjà la wá rà. Ìyàwó tó ń sunkún ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín, wọn ò sì jẹ́ ká lọ láìjẹ másà wa tán.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa padà sílé, Màmá yíjú sí títì. Ẹ̀rù bà mí gan-an, mo ti gbà pé ìgbéyàwó mi ti fọ́ nìyẹn. Ìgbà tó yá, wọ́n mí kanlẹ̀.

"Bàbá ọkọ ẹ ò béèrè ọ̀nà rí láyé wọn. Ọmọ wọn náà kì í béèrè. Ìwọ náà rèé. Kí Ọlọ́run ṣáà máa bá mi wá gbogbo yín rí."

Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn. Mo ti wá mọ̀ pé ẹni tó béèrè kì í ṣìnà. Lónìí, kódà ilé ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu ọ̀nà ni mo ti máa ń béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọjà lẹ̀ ń tà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ sìn?" Bí Màmá bá wà níbẹ̀, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, èmi náà á sì bá wọn rín in, torí kí ni mo tún fẹ́ ṣe?