Alàgbà Láníhùn Lọ Sinmi ní Ítálì

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ilé làbọ̀ sinmi oko? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Mo rí i lójú yín pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ti lérò pé àgbẹ̀ kan ló ti oko dé, tó ju ọkọ́ sílẹ̀, tó sì wí bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni! Àgbẹ̀ wo? Àgbẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń sinmi lóko. Bó bá rẹ̀ ẹ́, abẹ́ igi ló ń lọ, á sun iṣu rẹ̀, á fi epo jẹ ẹ́, á sì sùn lọ fọnfọn. Bàlúù lẹni tó pa òwe yìí wọ̀ lọ sóko tirẹ̀. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, tó fẹ́ bi mí bóyá bàlúù wà láyé àwọn àgbà, pa ẹnu ẹ dé. Èmi ni mo ń pìtàn.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkìrun, Alàgbà Láníhùn lorúkọ rẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá rẹ̀, owó kòkó ni wọ́n fi rán an níléèwé, ó sì di ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó kórìíra jù láyé ni iṣẹ́ tó ń mú ni làágùn. Ó ní ọjọ́ tóun ti kúrò lóko bàbá òun lòun ti búra pé òun ò ní bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ohunkóhun mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mọ ọmọlúàbí í ṣe ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹlẹ́rù tó máa kọjá níwájú ilé rẹ̀ tí kò ní ké sí pé, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e o!" Ẹlẹ́rù náà, torí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, á dáhùn pé, "Rárá o, sà, ẹ jókòó yín, ẹ ṣeun." Alàgbà á sì jókòó rẹ̀.

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ń ṣe é. Tí a bá ń jẹun, tí àlejò wọlé, a ó ní, "Ẹ wá bá wa jẹun." Àlejò á ní, "Á gba ibi ire." Ó parí. Ẹ jẹ́ kí àlejò náà fọwọ́ bọ abọ́, kẹ́ ẹ wá rí bójú onílé ṣe máa rí!

Nígbà tí Alàgbà fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ rìnrìn àjò lọ sílẹ̀ òyìnbó. Kì í ṣe irú ti àwọn tó máa ń sáré ya fọ́tò níwájú ilé gíga bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé. Tòun, jẹ́jẹ́ ni. Ó ra máàpù Ítálì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pálọ̀, gbogbo ìgbà òjò ló sì ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣèèṣì wọlé.

"Róòmù la ó ti balẹ̀," ó ń wí. "A ó jí nígbà tó bá wù wá. A ó wo àwọn ilé àtijọ́, a ó mu tíì. Ó di Nápólì. Lẹ́yìn Nápólì, a ó yà sí ìgbèríko kan, ká sùn díẹ̀, kí ariwo ìlú kúrò lára wa. Ibẹ̀ la ó gbà sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun, ká wá gbádùn ara wa parí. A ò ní kánjú rárá."

Ọ̀jẹ́wálé, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Àgbẹ̀ ni Ọ̀jẹ́wálé, kò tíì kọjá Ìbàdàn rí. Ó bi í pé, "Láníhùn, iṣẹ́ wo lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́?" Alàgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Ọ̀jẹ́wálé, ìwọ ò lè mọ̀. Ìsinmi ni. Ẹ gbọ́ o, gbogbo ẹgbẹ́. Tí ẹ bá gbọ́ pé ọwọ́ mi kan ohunkóhun tó ju ife tíì lọ títí n ó fi dé, kẹ́ ẹ máa pè mí ní lébìrà."

Ẹnu rẹ̀ náà ló ti jáde. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́.

Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Gbọ́láhàn, ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti kíṣìnì. Láti ìgbà tí irun orí obìnrin yìí ti dúdú ló ti ń gbọ́únjẹ fún àlejò ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti wá ṣèlérí fún un pé etí òkun ni yóò jókòó sí, tí ẹlòmíì yóò máa gbé oúnjẹ wá bá a. Róòmù kò kàn án. Ó ní, "Bàbá Gbọ́láhàn, ẹ ṣáà mú mi dé òkun. Ibi yòókù, ibi tó bá wù yín ni."

"Ká sọ pé o ti débẹ̀," ni Alàgbà fi dá a lóhùn.

Wọ́n lọ. Ẹ má dà mí láàmú pé kí n ròyìn Róòmù. Wọ́n débẹ̀, wọ́n wo òkúta, ẹsẹ̀ dùn wọ́n, ó tán. Nápólì náà bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n dé ìgbèríko lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilé opó kan ni wọ́n wọ̀ sí, Kàmẹ́là lorúkọ rẹ̀, ó máa ń fi yàrá gba àlejò. Igi ólífì yí ilé náà ká, àsìkò tí wọ́n ń ká ólífì ni wọ́n sì bọ́ sí. Kàmẹ́là gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níwọ̀nba, ìyẹn ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alàgbà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbẹ́sẹ̀ lẹ́sẹ̀, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kàmẹ́là gbé apẹ̀rẹ̀ ńlá kan kọjá, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnu Alàgbà yá.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e."

Kò tilẹ̀ mira. Ó ń retí "Rárá o, sà." Kàmẹ́là dúró, inú rẹ̀ dùn dé eyín. "Ẹ ṣeun púpọ̀!" Ló bá gbé apẹ̀rẹ̀ lé e nítan, ó gba ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà oko.

"Ìyá Gbọ́láhàn!" ni Alàgbà ké. "Ó gbà!"

"Ta ló bẹ̀ yín lọ́wẹ̀?"

"Mo kàn kí i ni!"

"Ẹ lọ sọ fún un pé ẹ kàn kí i ni."

Ojú ò jẹ́. Ṣé àgbà á sọ̀rọ̀ tán kó tún gbé e mì? Alàgbà gbé apẹ̀rẹ̀, ó tẹ̀ lé e.

Nígbà tí wọ́n dé ìdí igi, Kàmẹ́là gbé àkàbà tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Ká ní Alàgbà dákẹ́ ni! Ó ní, "Háà, ẹ̀yin, lọ́jọ́ orí yín! Ṣebí ọkùnrin ló yẹ kó máa gun èyí." Kàmẹ́là ní òótọ́ ni, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì bá a di àkàbà mú. Kó tó dọ̀sán, Alàgbà Láníhùn ti wà lórí igi, ó ń já ólífì sínú àwọ̀n tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú, ó ń bú ara rẹ̀ lábẹ́nú.

Lálẹ́, Kàmẹ́là gbé oúnjẹ síwájú wọn, ó ní, "Ẹ mà ṣiṣẹ́ gan-an lónìí."

Nílé wa, bí wọ́n bá yin èèyàn, ṣé kì í bu ara rẹ̀ kù ni? Alàgbà ní, "Kí ni mo ṣe? Mi ò tíì ṣe nǹkan kan."

Kàmẹ́là rò ó wò, ó mi orí. "Òótọ́ ni. Èyí tó kù pọ̀." Àkùkọ ò tíì kọ lọ́jọ́ kẹta tó fi kanlẹ̀kùn yàrá wọn.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ títí ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí òkun fi pé. Inú Ìyá Gbọ́láhàn dùn débi pé kò fẹnu kan tíì àárọ̀. Ó ti jókòó sínú mọ́tò, ó ti gbé báàgì lé itan, ó ku kí ọkọ rẹ̀ wọlé. Ìdágbére ló kù. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé èèyàn kì í kàn sọ pé ó dàbọ̀ kó máa lọ bí ẹni tó jalè. Alàgbà di ọwọ́ Kàmẹ́là mú, ó mí kanlẹ̀.

"Màmá, kò wù wá ká lọ o. Ká ní ti inú mi ni, ńṣe ni ǹ bá dúró bá yín parí iṣẹ́ yìí."

Ẹkún sọ lójú Kàmẹ́là. Ó dì mọ́ ọn, ó ní irú èèyàn báyìí ṣọ̀wọ́n láyé, ó yọ fóònù, ó ní òun á bá wọn pe ilé ìtura etíkun pé wọn ò wá mọ́.

Alàgbà yíjú padà kíákíá. Ó wo inú mọ́tò. Omi ti lé sójú ìyàwó rẹ̀. Òkun tó ti ń fojú sọ́nà fún rèé, ẹnu dídùn lásán ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ọkọ rẹ̀, Ọlọ́run mọ̀. Ṣùgbọ́n àánú náà kò tó èyí tó lè mú un sọ pé, "Màmá, irọ́ ni mo pa."

Ìyá Gbọ́láhàn nu ojú, ó yọ orí lójú fèrèsé. "Màmá, ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kan ń bọ̀. Awakọ̀, ó yá."

"Ìyá Gbọ́láhàn! Ṣé o máa fi mí sílẹ̀ ni?"

"Èmi kẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kò wù yín kẹ́ ẹ lọ. Ẹ kú ọ̀wẹ̀ o."

Mọ́tò lọ. Alàgbà padà sórí igi.

Kò pẹ́ tí fọ́tò fi dé sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ wọn ní Ìkìrun. Àkọ́kọ́: Ìyá Gbọ́láhàn lórí àga gbọọrọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi òkun, ọmọkùnrin òyìnbó kan gbé àwo ẹja síwájú rẹ̀. Ìkejì, tí Kàmẹ́là fi ránṣẹ́ sí Ìyá Gbọ́láhàn: Alàgbà lórí àkàbà, gèlè Kàmẹ́là lórí rẹ̀ nítorí oòrùn. Ọ̀jẹ́wálé ló kọ́kọ́ fèsì. Ó kọ ọ́ pé, "Láníhùn, kú oko o!"

Ìyẹn dun Alàgbà wọra. Ó ní òun gbọ́dọ̀ tún orúkọ òun ṣe. Ó ti rí i pé téèyàn bá gun igi tó ga jù dé òkè, èèyàn ń rí òkun lọ́ọ̀ọ́kán. Ó gùn ún lọ, ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, ó rẹ́rìn-ín bí ọlọ́lá, ó na fóònù sókè kó ya ara rẹ̀. Kó lè na ọwọ́ náà dáadáa, ó fi ẹ̀ka igi sílẹ̀.

Gbàà! Inú àwọ̀n ló balẹ̀ sí, ólífì bò ó mọ́lẹ̀, àkàbà tẹ̀ lé e.

Kàmẹ́là sáré dé, ó ń ké. "Yéè! Ṣé ó dùn yín?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìdí ọkùnrin yìí ń jó bí iná. Kí ló sọ? Ó ní, "Rárá o, kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ọlọ́run ṣeun," ni Kàmẹ́là wí, ó sì gbé àkàbà padà fún un.

Nígbà tí wọ́n padà sí Ìkìrun, ẹgbẹ́ wá kí wọn. Ìyá Gbọ́láhàn wà láàárín wọn ní pálọ̀, ara rẹ̀ ń dán, ó ń ròyìn bí wọ́n ṣe ń dín ẹja fún un. Wọn ò rí ọkọ rẹ̀. Ọ̀jẹ́wálé ló wọ yàrá lọ bá a, níbi tó dojú bolẹ̀ sí lórí ibùsùn, torí kò lè jókòó.

"Láníhùn, kú àbọ̀ o. Òkun ńkọ́?"

"Mo rí i."

"Níbo lo ti rí i?"

"Lórí igi."

Ọ̀jẹ́wálé jókòó sétí ibùsùn. "Ọ̀rẹ́ mi, oko tèmi wà lẹ́yìn odò níbí. Ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń débẹ̀. Bó bá jẹ́ pé oko ló ń wù ọ́, o ò ṣe sọ fún mi?"

Alàgbà kò lè bínú, agbára rẹ̀ ti tán. Ó ki orí bọ inú ìrọ̀rí, ẹkún gbọ̀n ọ́n. "Ọ̀jẹ́wálé, má bá mi wíjọ́. Jẹ́ n sùn. Ilé làbọ̀ sinmi oko."

Ọ̀jẹ́wálé gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí pálọ̀, ẹgbẹ́ gbé e dé ọjà, kò sì tíì kúrò lẹ́nu ayé dòní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra máàpù kiri, tẹ́ ẹ ní jẹ́jẹ́ lẹ máa rìn, ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, ẹnu yín ni. Ó ti rẹ èmi náà. Ẹ dìde, kí kálukú máa lọ sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko.