Ẹsẹ̀ Torvald, Orí Rydbeck

Ẹ jẹ́ kí n fi Ọ̀gá Leonard Rydbeck hàn yín: olówó pákó, òpó ìjọ, akíkanjú orí àga onítìmùtìmù. Ó máa ń kí ara rẹ̀ nínú dígí kó tó kí ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì Vassvik. Mi ò rí i kó fi nǹkan sínú àwo láìkọ́kọ́ gbé e sókè kí gbogbo ìjọ rí i.

Lọ́dún yẹn, Signe Hallin ayàwòrán ya adágún wa, bó ṣe máa ń dì gbagidi nígbà òtútù, fún gbọ̀ngàn ìjọ: àwọn ọmọdé ń sáré lórí yìnyín, àwọn ìyá ń pín kọfí, ajá kan ń ṣubú. Torvald, ọkọ Asta, ló wà láàárín. Kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi bàtà onírin sá lórí yìnyín tó o. Ikọ́ ló pa á nígbà ìkórè. Àwòrán kan ṣoṣo tí Asta ní tó jọ ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Rydbeck ló ra ọ̀dà. Ó wá wò ó.

"Signe, orí ta nìyí?"

"Ti Torvald ni, ọ̀gá."

"Kí ni òkú fẹ́ fi orí ṣe? Gbé tèmi lé e. Fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀, ó dáa. Igi játijàti wo ló wá fi kọ́rùn yìí? Pa á rẹ́! Àmì ẹ̀yẹ mi ni kó o fi síbẹ̀."

Asta sunkún wá bá mi. "Alàgbà, ẹ bá mi bá Ọlọ́run sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Kí n má purọ́, àfi bíi pé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan nínú oṣù Kẹta, wọ́n ṣí aṣọ lójú àwòrán. Rydbeck rèé! Ikùn ti pòórá, ó ń fò bí ẹyẹ. Ni Ìyá Hedvig, ẹni ọgọ́rin ọdún, bá na ọ̀pá sí i.

"Leonard, ìṣó rẹ dà?"

"Ìṣó wo, Ìyá?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Níbí, ọmọ ọdún mẹ́ta kì í tẹ adágún láìgbé igi méjì tó ní ìṣó lórí kọ́rùn. Bí yìnyín bá já, òun lèèyàn á fi gún etí ihò tá á fi wọ́ ara rẹ̀ jáde.

"Kò tẹ yìnyín rí láyé rẹ̀!" ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn.

"Ẹ̀ ń purọ́! Ogójì ọdún ni mo ti ń sá a! Èmi Rydbeck, kí ni mo fẹ́ fi ìṣó ṣe?"

Asta gbé bàtà onírin méjì síwájú rẹ̀. "Bàtà Torvald rèé, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà lẹ kúkú ní ẹsẹ̀ rẹ̀."

Ojú pọ̀ jù, kò lè sá lọ; ó wọ bàtà náà, ó sì forí lé adágún. Gbogbo ìjọ dúró sétí omi. Ìṣísẹ̀ kìíní, ó rẹ́rìn-ín. Ìkejì, ó na ọwọ́ méjèèjì. Ìkẹta, gbàmù, yìnyín já! Omi mu ún dé ìdí.

"Mo kú o! Mo rì o!"

Asta dùbúlẹ̀ lórí yìnyín, ó ju ìṣó tirẹ̀ sí i. "Ẹ gbà!"

Rydbeck gbé e sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó?"

Ìyá Hedvig rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí yìnyín.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ń gbọ̀n lábẹ́ kúbùsù, Signe dá orí Torvald padà àti ìṣó rẹ̀. Kò yọ Rydbeck kúrò o. Ó wà ní igun ìsàlẹ̀: ihò kan, fìlà kan, ajá ń wò ó.

Ṣé Ọlọ́run ló fọ́ yìnyín yẹn? Oṣù Kẹta ni. Etí omi ti rọ̀. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì gba ọpẹ́ náà padà.