Bí Mo Ṣe Fi Òdòdó Gé Ilẹ̀ Onílé Mi

Bí mo bá dàgbà débi tí mo gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí ò ní kúrò lọ́kàn mi. Yàrá kan ni mo háyà lọ́wọ́ Màmá onílé wa ní Onígbòǹgbò, kò jìnnà sí Ìlúpéjú tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Opó ni wọ́n, ará Ìjẹ̀bú. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé wọn lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí n máa bá àwọn tọ́jú àyíká. Ìtọ́jú nìkan ni wọ́n sọ o. Èmi ni mo fi ọ̀ṣọ́ kún un.

Mo ra ìwé òdòdó kan tó kún fún àwòrán. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ewé rẹ̀ gùn, tó ń dán, orúkọ òyìnbó rẹ̀ sì le bí orúkọ oògùn. Ìwé ní kò ní wàhálà, pé ó máa ń dára tí wọ́n bá tò ó ní ìlà. Mo gbé ìwé náà lọ bá ìyá tó ń ta òdòdó létí títì ní Maryland. Wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo ojú mi.

"Ṣé ẹ ra ilẹ̀ ni?"

Mo ní rárá, ẹwà ni mò ń wá. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kó o fún mi.

Èmi ọmọ tí wọ́n bí sí Agége, tí mi ò mọ̀ ju ẹ̀fọ́ lọ, mo tò ó sáàárín ilé wa àti ti Bàbá Tíṣà, ará Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì. Kò sí ògiri níbẹ̀. Kí ẹsẹ̀ má baà máa tẹ̀ ẹ́, mo fà á wọ ọ̀dọ̀ wa díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Tíṣà ti ń kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín, wọ́n tún ń bá mi bomi rin ín. Inú mi dùn, mo rò pé ẹwà ni wọ́n rí.

Ọjọ́ tí Màmá dé, báàgì ṣì wà lọ́wọ́ wọn. "Ta ló gbin pèrègún sórí ilẹ̀ ọkọ mi?"

Pèrègún kẹ̀! Ohun tí wọ́n fi ń pààlà ilẹ̀ láti ayébáyé, tí mo ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí mi ò mọ ojú rẹ̀. Mo ti gé ilẹ̀ olóògbé fún aládùúgbò lọ́fẹ̀ẹ́.

"Kó ẹrù ẹ," ni Màmá wí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mi ò mọ ibi tí mo ti máa rí ilé mìíràn.

Bàbá Tíṣà bá jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú u fúnra wọn. "Ẹ má bínú, Màmá. Ayálégbé ò lè pín ilẹ̀. Mo kàn ń bomi rin ín kó má baà kú kẹ́ ẹ tó dé ni."

"Ẹ̀yin náà ń bomi rin ín?" Màmá wo Bàbá Tíṣà títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Màmá ní kí n dìde. Mo mí kanlẹ̀, ara tù mí.

Ìwé mọ omi àti oòrùn tí ewéko ń fẹ́, àmọ́ kò mọ ohun tí ewéko náà ń sọ fún àwọn tó ni ilẹ̀. Mo ti kọ́gbọ́n, mo máa ń béèrè báyìí. Lánàá, mo bi Màmá bóyá mo lè gbin tòmátì sẹ́yìnkùlé.

"Gbìn ín," ni wọ́n wí, "ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé tiwa ni o." Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo kọ́kọ́ wo ibi tí mo dúró sí.