Bútà Wúrà Ọkọ Àlùjọ̀nnú

Bí ẹ bá ń wá onítìjú ní Ṣàngó, níhìn-ín ní Ìlọrin, ẹ gba ẹnu ọ̀nà Àáfà Hàrúnà kọjá, ẹ má yà. Òun ni Ọkọ Àlùjọ̀nnú, Apàṣẹ-fún-ìjì, Arínú-ọ̀run-bí-ẹní-rí-ìloro. Òun fúnra rẹ̀ ló fi gbogbo oríkì wọ̀nyí kí ara rẹ̀, nítorí àwọn tó yẹ kó kí i ń jáfara.

Ìdajì ìlú ní wòlíì ni. Ìdajì kejì ní kí ọlọ́pàá wá mú un. Àáfà fẹ́ràn wọn bákan náà: ṣebí orúkọ rẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń dá.

Sámúdù ni àlùjọ̀nnú rẹ̀ ń jẹ́, inú bútà ló sì ń gbé. Bútà ike ni o, irú èyí tí gbogbo wa fi ń ṣe àlùwàlá. Àáfà kàn fi ọ̀dà wúrà kùn ún ni. Bó bá ti fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, Sámúdù á bú ramúramù. Fóònù kékeré kan ló wà nínú bútà, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Rahama, ìyàwó Àáfà, ló ń sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná, tó ki ẹnu bọ inú kọ́ọ̀pù. Bí nẹ́tíwọọ̀kì bá dàrú, Àáfà á ní Sámúdù ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Sùdáànì.

Nígbà tí ewú gba irùngbọ̀n rẹ̀ tán, Àáfà bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí ayé yóò fi rántí òun. Ó rò ó títí, ó rí i pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní GRA ló yẹ. Alhaji Hamzah, oníṣòwò sìmẹ́ǹtì tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ tó sì ń wá agbára kún agbára, ní irú rẹ̀. Wọ́n ṣàdéhùn: Àáfà yóò fa Sámúdù lé e lọ́wọ́ bí ogún, lójú gbogbo ayé, Hamzah yóò fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé.

Rahama bèèrè pé, "Bàbá Nàfísàt, bí Sámúdù bá di ti Hamzah, ta ni yóò máa sọ̀rọ̀?"

"Àlùjọ̀nnú náà ń darúgbó. Á dákẹ́."

"Ilé GRA yẹn ńkọ́? Yàrá wo ni tèmi?"

Àáfà wúkọ́. "Ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ilé Ṣàngó."

Rahama kọjú sí ìkòkò. Ó kàn ń ro ọbẹ̀.

Ọjọ́ pé, èrò kún abẹ́ tẹ́ǹtì. Wọ́n gbé bútà wúrà ka orí tìmùtìmù. Àáfà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò sunkún. Àsàlámù aléékùm ni mo kí ìyá mi!"

Ó sọ ọ́ títí oòrùn fi yí, kò tíì dé ibi tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú. Àfi bí ládàánì ṣe pe ìrun Àlàsárì. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n ń wá omi. Bútà ò kárí.

Bàbá Jímọ́ọ̀, àgbẹ̀ tó bí Hamzah, tí etí rẹ̀ ti di díẹ̀, rí bútà lórí tìmùtìmù. Inú rẹ̀ dùn. "Wọ́n mọ àgbà! Wọ́n gbé tèmi sọ́tọ̀."

Ó gbé e, ó mì ín, nǹkan ń dún nínú rẹ̀. "Òkúta ti wọnú rẹ̀." Ó fi gbá kọnkéré: kó, kó, kó.

"Èmi Sámúdù, ọmọ ìfírítì!" ni bútà bú. "Ẹ fún ọ̀gá mi ní kọ́kọ́rọ́, kí ojú yín má bàa fọ́!"

Àwọn èèyàn sá sẹ́yìn. Bàbá ò gbọ́. Ó dorí bútà kodò, fóònù já bọ́ sí i lọ́wọ́, tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń tàn yòò.

"Hamzah! Ṣé fóònù lẹ fi ń ṣàlùwàlá nílùú yín ni?"

Àáfà fò dìde, ó lọgun sí i létí. "Bàbá, ẹ jù ú nù! Ẹ ó fọ́jú!"

"Ojú kẹ̀? Ó mà ń tànmọ́lẹ̀ fún mi ni."

Ohùn jáde látinú fóònù, ó rọra, kò bú ramúramù mọ́: "Bàbá Nàfísàt, ṣé wọ́n ti fún wa ní kọ́kọ́rọ́? Ọbẹ̀ mi ń jó."

Hamzah gba fóònù. "Àlùjọ̀nnú, kí lorúkọ rẹ gan-an?"

"...Rahama ni, Alhaji. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Bàbá Nàfísàt ní òun ń kó lọ sí GRA?"

"Ìyàwó tuntun. Ó ní ká fi ọ̀dà píńkì kun yàrá rẹ̀."

"Háà. Ẹ ṣé. Ẹ bá mi sọ fún un pé Sámúdù ti kọ ọkọ."

Èrò bú sẹ́rìn-ín! Ọkọ Àlùjọ̀nnú: nínú gbogbo oríkì rẹ̀, ẹyọ kan tó jẹ́ òótọ́ náà tún ti bọ́.

"Àwọn ọ̀tá ló pààrọ̀ àlùjọ̀nnú mi!" ni Àáfà ń pariwo. Ó sá, láwàní rẹ̀ há sára àga, ó ń tú bó ti ń sáré, ó fi orí lásán já sí títì. Hamzah ki kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Bàbá Jímọ́ọ̀ pọnmi sínú bútà, ó ṣàlùwàlá rẹ̀ parí. Ọ̀dà wúrà ló bá lọ́wọ́.

Àáfà Hàrúnà ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ogún rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ṣàngó, kò sẹ́ni tí yóò gbé bútà lónìí tí kò ní kọ́kọ́ fi ìka lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì bèèrè pé, "Ẹ kú ilé o. Ọbẹ̀ ò tíì jó?"