Otari Amumi-bí-Ẹja

Bí ẹ bá ní kí Otari Lomtadze mú ọ̀kan nínú oúnjẹ àti ìyìn, yóò ní kí ẹ gbé oúnjẹ náà síwájú òun, kí ẹni tó gbé e wá sì dúró máa yin òun bí òun ṣe ń jẹ ẹ́. Ní Kakheti, agbègbè àwọn olówò wáìnì tí wọ́n ti bí i, òun ni tamada gbogbo àsè, ẹni tó ń jókòó sípò olórí nídìí tábìlì, tó ń gbé ife sókè, tó ń sọ̀rọ̀ títí ẹran yóò fi tutù. Kò sí òkú tí kò kì rí, kò sí ìyàwó tí kò yìn rí, kò sì sí ife tó gbé sókè tó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti ọtí nínú.

Àwọn ife wọ̀nyẹn ló kó làkúrègbé bá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀. Àtàǹpàkò wú, ó pọ́n, ó kọ bàtà. Nígbà tí igbe rẹ̀ kò jẹ́ kí aládùúgbò sùn mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ dáwó jọ, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, níbi tí wọ́n ti ń fi omi gbígbóná tó ń sun lábẹ́ àpáta wo aláìsàn. Ohun tí Otari sọ fún ará ilé ni pé àwọn dókítà ibẹ̀ ló ránṣẹ́ sí òun, wọ́n fẹ́ gba ìmọ̀ràn.

Ìtọ́jú ibẹ̀ kò le. Láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, oníkálukú á gbé ife tánganran ẹlẹ́nu gígùn, á bu omi nídìí ìsun, á máa rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó, á máa fà á mu díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fọ́ bíbọ̀ àti ẹja tí kò mọ iyọ̀. Dókítà Hrubešová, ọ̀gá ibẹ̀, fún Otari ní òfin kan ṣoṣo: kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Otari fọwọ́ lé àyà. Ó ní ọtí kẹ̀? Òun ò tilẹ̀ rántí àwọ̀ rẹ̀ mọ́.

Kó tó fẹnu kan omi náà rárá ni àna rẹ̀ tó ń wa tírélà já kẹ́ẹ̀gì wáìnì pupa kan sílẹ̀ fún un. Kẹ́ẹ̀gì wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mincho, ará Bulgaria tí òkúta wà nínú kíndìnrín rẹ̀, ni wọ́n jọ wà ní yàrá. Ó rí i, ó la ẹnu, Otari sì bu ife kan lé e lọ́wọ́. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Láti ọjọ́ náà, kí àwọn yòókù tó débi ìsun, ife Otari ti kún láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń jẹ aáyù lé e lórí kí ẹnikẹ́ni má baà súnmọ́ ọn, wọn kò sì súnmọ́ ọn.

Kò sí aláìsàn tó já fáfá bí i. Bí àwọn ẹlòmíràn bá ń fún ojú pọ̀ mọ́ ife, Otari á máa kọrin. Bí wọ́n bá jókòó láti sinmi, Otari á máa jó lórí ẹsẹ̀ kan. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé omi yìí mà kúkú lágbára, ẹ wo bó ṣe ń mú inú ọkùnrin yìí dùn. Wọ́n sọ ọ́ ní Amumi-bí-Ẹja. Ó gbà á, ó sì fi tirẹ̀ kún un: Afomi-ṣayọ̀, Ọkọ Ìsun, Baba Ẹni tí Òùngbẹ Kò Gbọdọ̀ Gbẹ.

Àtàǹpàkò nìkan ni kò bá wọn kọrin. Kàkà kéwé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le koko sí i. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí.

“Ọ̀gbẹ́ni Otari, kò yé mi. Ó yẹ kí wíwú rẹ̀ ti máa lọ sílẹ̀.”

“Ẹ má dààmú ara yín, Dókítà. Àrùn ló ń kó ẹrù jáde. Ẹni tó bá ń kó ẹrù jáde, ṣebí ẹnu ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ dí?”

Dókítà ní kó fi ife kan kún èyí tó ń mu lóòjọ́. Otari ní kí wọ́n kúkú sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọọdún, ilé ìwòsàn náà máa ń fún aláìsàn kan ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn aláìsàn fúnra wọn ló ń nawọ́ yan ẹni tó fara mọ́ ìtọ́jú jù lọ, wọ́n á sì gbé àwòrán onítọ̀hún kọ́ sára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọba àti ọ̀gágun ayé àtijọ́. Àwòrán yìí ló gba oorun lójú Otari. Ó ti yan fìlà tí yóò dé.

Ẹni tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tọ́ sí kò jìnnà. Halyna Stetsiuk, tíṣà láti Ukraine, dé síbẹ̀ pẹ̀lú ojú tó ti di yẹ́lò nítorí ẹ̀dọ̀ tó ń dà á láàmú. Omi náà ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń mọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n Dókítà ní bó bá lọ sílé lọ́jọ́ Ajé báyìí, àìsàn náà lè padà wá, ó sì lè gbé e lọ. Owó rẹ̀ sì ti tán. Ojú ń tì í láti tọrọ ọwọ́ ẹnikẹ́ni, ńṣe ló ń di ẹrù rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Àánú rẹ̀ á ṣe òkúta.

Àánú rẹ̀ ṣe Mincho pàápàá, tòun ti wáìnì tó ń mu. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ fún tíṣà.”

“Ṣé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé kọ́ ògiri ni? Wo ojú mi dáadáa, Mincho. Ojú àwòrán kọ́ nìyí?”

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Àwọn afunfèrè to sídìí ìsun, aláìsàn kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà ní kí Halyna àti Otari, àwọn méjì tí wọ́n fà kalẹ̀, sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ìdìbò tó bẹ̀rẹ̀. Halyna dìde, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń kí aládùúgbò lọ. Ó ní omi náà kò dùn rárá, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kíláàsì òun ń retí òun, nítorí náà òun ń di imú mu ún. Ó jókòó.

Otari fọwọ́ tún fìlà ṣe.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ tí ẹnì kan ní kò dùn. Ẹ forí jì í, ẹ̀dọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mu omi yìí, ó dùn mọ́ mi lẹ́nu ju wàrà ìyá mi lọ. Bí mo bá kú, ẹ fi wẹ̀ mí. Bí mo bá jí, ẹ fún mi mu.”

Pàtẹ́wọ́ ta. Ọwọ́ lọ sókè bí igbó, gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti Otari. Halyna náà na tirẹ̀ fún un. Ayàwòrán ti gbé kámẹ́rà sójú.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Dókítà lára. Ó gbé ife fàdákà ilé ìwòsàn, òun fúnra rẹ̀ lọ bu omi nídìí ìsun, ó gbé e lé Otari lọ́wọ́. Ó ní kó mu tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Otari ní ife tòun wà lọ́wọ́ òun, ó ti mọ́ òun lára. Dókítà ní rárá o, fàdákà ló yẹ ẹ. Ẹnu òrofó ní í pa òrofó. Otari gbé ife sókè, ó dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan bí tamada.

Ohun tó kó sí i lẹ́nu gbóná, ó ní iyọ̀, ó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ yọ síta, ó sì tú gbogbo rẹ̀ sójú Dókítà.

“Ta ló da nǹkan sínú omi yìí?” ni Otari wí. “Ó ti bàjẹ́! Wọ́n fẹ́ fi májèlé pa mí!”

Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tọ́ ohun tó kù nínú ife wò.

Halyna ló fèsì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń tún ọmọ kíláàsì ṣe. “Ọ̀gá Otari, bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn.”

Dókítà na ọwọ́, ó gba ife tánganran lọ́wọ́ Otari, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbé e fún ọ̀gá afunfèrè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni yẹn tọ́ ọ wò, ó mu ún tán, ó sì béèrè bóyá ó ṣẹ́kù.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti bú. Gbogbo ọwọ́ tó lọ sókè fún Otari wálẹ̀, wọ́n tún lọ sókè fún Halyna, ti Mincho sì jẹ́ méjì. Obìnrin náà sunkún, Dókítà gbá a mọ́ra, ó ní kó lọ tú ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Halyna kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀ mọ́ ẹni tó ti ṣubú. Ó bu omi sínú ife rẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní kí gbogbo àwọn mu fún ẹsẹ̀ Ọ̀gá Otari, kó lè san. Bẹ́ẹ̀, nílẹ̀ Otari, bí wọ́n bá gbé ife fún tamada, ó gbọ́dọ̀ mu tirẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ ti di ọmọdé lójú gbogbo ayé. Wọ́n bu omi fún un. Ó mu ún. Mincho gbé ife fún ọgbọ́n orí rẹ̀, ó mu ún. Ọ̀gá afunfèrè, tí Mincho ti sọ ibi tí wáìnì ti wá fún, gbé tirẹ̀ fún àna tó ń wa tírélà, omijé bọ́ lójú Otari, ó mu ún.

Ayàwòrán ṣì ń tẹ kámẹ́rà nígbà tí ikùn Otari dáhùn. Gbogbo èèyàn gbọ́ ọ. Otari fọwọ́ mú ìbàdí ṣòkòtò, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ahọ́n tí kò sí òkú tí kò kì rí wá ń wá ọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ló wí, “ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí dà?”

Ẹ̀rín wá pa wọ́n tán pátápátá, nítorí kò sẹ́ni tó mu omi yẹn láàárọ̀ ọjọ́ kan péré tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú òkùnkùn. Gbogbo ọwọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ na ìka sí ilẹ̀kùn kan náà, àwọn afunfèrè sì fi orin sìn ín débẹ̀.